Iná Tí Kò Wọ Bátìrì

Bí ẹ bá wọ àdúgbò wa tí ẹ ní ẹ̀ ń wá Rewáyà, kò sí ẹni tó máa bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹyọ kan la ní. Obìnrin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń dé fìlà olówùú kan lójò lẹ́ẹ̀rùn, kò sì sí aṣọ rẹ̀ tí wáyà kékeré kan kì í yọrí lápò rẹ̀. Bí alùpùpù bá kọ̀ tí kò tanná, tí fèrè rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí ọ̀fun ń dùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń tì í lọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan àti ti obìnrin kan tó ń ta bàtà. Páànù ni wọ́n fi ṣe é. Ó há, ṣùgbọ́n ó mọ́. Wáyà ló rọ̀ sára ògiri ní àwọ̀ àwọ̀, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀. Orí tábìlì ni mítà tó fi ń wọn iná máa ń wà. Mítà náà ti ṣubú rí, ojú rẹ̀ ti sán, Rewáyà wá fi rọ́bà dì í láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí eyín ń ro.

Iṣẹ́ yìí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Iṣẹ́ aránṣọ ni. Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ, tó ní iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe lábẹ́ òrùlé ni òun fẹ́ fún un. Ó gbìyànjú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń so bọ́tìnì. Ní ọjọ́ kan, mọ́tò tó ń yí máṣínnì ọ̀gá rẹ̀ kú, ọ̀gá sì jáde lọ wá ẹni tó máa tún un ṣe. Kí ó tó padà dé, ọmọ ti tú mọ́tò náà sórí ẹní, ó jókòó sáàárín irin wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lójijì. Ọ̀gá aránṣọ náà kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ọmọ yín níwà, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n inú máṣínnì ló ń wò, kì í wo aṣọ tó ń ti ara ẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ó lọ síbi tí ọkàn ẹ̀ wà.”

Ìyá rẹ̀ fapá jánú títí tó fi délé. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Èmi ni kí ẹ bá wí. Èmi ni mo gbé e jókòó sórí táǹkì epo láti kékeré.”

Òótọ́ ló sọ. Apínlẹ́tà ni bàbá rẹ̀, Bàbá Lẹ́tà sì ni gbogbo wa ń pè é títí dòní. Lórí alùpùpù kan ṣoṣo ló ti pín lẹ́tà fún ojúlé tó pọ̀ nígboro yìí, nígbà tó sì ń fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ yọ̀ǹda alùpùpù náà fún un. Ẹ̀rọ náà ju Rewáyà lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá Lẹ́tà kì í sì í fojú ẹ̀rọ lásán wò ó. Bó bá jí láàárọ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á kí i pé, “Ẹ káàárọ̀ o.” “Ẹ” ló fi ń kí i, kì í ṣe “o”. Ó ní ẹni tó gbé òun kọjá nínú gbogbo òjò yẹn, àgbà ni.

Ìyá Rewáyà ní tirẹ̀ kò fún alùpùpù náà ní orúkọ mìíràn ju “orogún mi” lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń rọ epo sí i, á ní, “Orogún mi ń jẹun.” Bó bá ń fọ̀ ọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á ní, “Wọ́n ti wẹ̀ fún ìyàwó kékeré, ìyáálé ń retí.” Ọkọ rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń gbé ilé wọn nìyẹn, àwọn mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí Bàbá Lẹ́tà fẹ̀yìn tì ni wàhálà dé. Alùpùpù á ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, fèrè á máa sunkún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, iná iwájú á pọ́n, á máa ṣẹ́jú bí ojú ẹni tó ń tòògbé níbi ìpàdé. Lẹ́yìn náà á kú fin-ín. Bàbá Lẹ́tà á yọ bátìrì, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná sí i, á gbé e padà, ìyẹn á tún dára fún ìgbà díẹ̀, á tún padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ló máa ń tì í lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mẹkáníìkì náà, ọlọ́wọ́ yíyá, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ló ní fún gbogbo àìsàn. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì, á ní, “Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀.” Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Pààrọ̀-Ẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó pààrọ̀ bátìrì. Nígbà tí ìyẹn náà kú, ó pààrọ̀ òmíràn. Ó pààrọ̀ rẹkitifáyà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kan tó ń gba iná lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di irú èyí tí bátìrì lè gbà sára. Àìsàn náà kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ ti mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ rewáyà, kí ló ń wá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Láti délé Pààrọ̀-Ẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Á máa ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀, òógùn á bò ó, á dé iwájú ibẹ̀, á ní, “Ìyá mi, o kú iṣẹ́ o.” Ìyá mi ló ń pè é nítorí pé ó jọ ìyá tó bí òun lọ́mọ. Rewáyà á gbójú sókè, á ní, “Ẹ kú ìrìn, Bàbá.” Bàbá á tì í kọjá. Agẹrun á wo obìnrin oníbàtà, obìnrin oníbàtà á wo ilẹ̀.

Kì í ṣe pé Rewáyà kò bá a sọ ọ́. Ó lọ bá a nílé ní ọjọ́ ìsinmi kan.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó.”

“Rárá, Ìyá mi.”

“Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?”

“O mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá ẹ kì í ṣe wèrè.”

“Kí ló wá dé?”

Bàbá Lẹ́tà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. “Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà tí o ṣì wà lọ́mọdé. A jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó bá mi fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì alùpùpù yìí, kò dáa, mo bínú. Òun náà bínú pé mo bínú. A ò jà o, ṣùgbọ́n ká tó mọ̀, ìkíni wa ti di ti ojú títì. Títí ó fi kó kúrò ládùúgbò yìí, kò tún rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí Pààrọ̀-Ẹ̀ bá bà á jẹ́, màá bínú sí i, ọ̀la á mọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?”

Rewáyà dìde. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ tún ti àwọn ẹlòmíràn ṣe.

Ohun tó já ọ̀rọ̀ náà ni àbúrò ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Àtìyàwó àtọkọ gun alùpùpù lọ kí i lódì kejì ìgboro. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, oòrùn ti wọ̀. Iná iwájú pọ́n, ó ṣẹ́jú, ó kú, ẹ́ńjìnnì náà sì dákẹ́ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà. Bàbá Lẹ́tà di ọwọ́ alùpùpù mú, ìyàwó rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ lójijì láti ibi tí ọ̀nà ti yà, awakọ̀ náà kò rí wọn, ìyá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọnú gọ́tà. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn aráàlú tó bá wọn gbé e.

Nígbà tí Rewáyà sáré délé wọn, ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ki ẹsẹ̀ tó wú bọnú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà bó ṣe máa ń ṣe. “Gbogbo ìgbà tí mo ti bá orogún gbé, mi ò tì í lẹ́yìn rí. Òní ni mo tì í.” Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà sì jẹ́ kí àwàdà náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí lónìí. Mi ò rí yín nínú òkùnkùn yẹn. Ohùn yín nìkan ni mò ń gbọ́.”

Bàbá Lẹ́tà sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bomi sí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ wọn kí wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, agẹrun ló kọ́kọ́ rí i. Bàbá Lẹ́tà ń ti alùpùpù bọ̀ bó ṣe ń ṣe. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, o kú iṣẹ́ o,” ṣùgbọ́n kò kọjá lọ. Ó yí ọwọ́ rẹ̀, ó tì í wọlé. Agẹrun dá ẹ̀rọ dúró lórí oníbàárà rẹ̀, oníbàárà náà sì yọjú láti abẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í lọ́rùn.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá.”

“Bá mi wò ó.”

Rewáyà gbé àga fún un. “Mo máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń ṣe é, oníbàárà ni yín. Ẹ ò ní máa dìde.”

“Oníbàárà máa ń bínú.”

“Ẹ dúró dìgbà tí mo bá parí, kẹ́ ẹ tó bínú.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Bátìrì náà le, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ti ibi tí wọ́n ti fi iná sí i dé ni. Mítà kà á sí méjìlá àti díẹ̀. Ó wá fẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì jí, ó fi ẹnu mítà méjèèjì sórí bátìrì, ó rọra ń fún un lépo. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí iye náà máa gùn, kó kọjá mẹ́tàlá, kó máa lọ sí mẹ́rìnlá. Kò gùn. Nígbà tó tan iná iwájú, ṣe ló tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Lẹ́tà na ọrùn láti orí àga. “Kí ló ń sọ?”

“Ó ní wọ́n ń jẹ lára bátìrì, kò sì sẹ́ni tó ń fún òun náà lóúnjẹ. Bátìrì kọ́ ló ṣe é, Bàbá. Kò sígbà kankan tó jẹ́ bátìrì.”

Ó tẹ̀lé iná náà lọ síbi tó ti ń wá. Wáyà yẹ́lò mẹ́ta ló ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, láti ara kọ́ìlì tó ń pèsè iná. Ó tú wọn kúrò lára ìyókù, ó ń wọn wọ́n ní méjì méjì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, iná ń gòkè, wáyà kankan kò sì kéré sí èkejì. Ó wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn fara kan irin níbi tí kò yẹ. Kò sí. Kọ́ìlì tí wọ́n ti fi síbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ara rẹ̀ le koko.

Ó ku rẹkitifáyà. Tuntun ni Pààrọ̀-Ẹ̀ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n tuntun náà lè bàjẹ́. Ó yọ ọ́, ó mú ọ̀kan tó dá a lójú lára ògiri, ó fi bóòtù dè é sójú ibẹ̀ gan-an. Ó ta ẹ́ńjìnnì. Iye yẹn kò kúrò lójú kan. Ó fọ ẹnu gbogbo wáyà tó so mọ́ra, ó tún un dè. Bákan náà.

Oòrùn ti dé orí páànù. Rewáyà jókòó sílẹ̀, ó ń wo alùpùpù náà. Ó ti tú èyí tó le ju èyí lọ, kò sí èyí tó dá a láàmú rí bí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó sórí táǹkì rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí rẹ̀. Ó ń gbìyànjú kí ó má wo ojú bàbá rẹ̀.

Bàbá Lẹ́tà dìde, ó jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà dé, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, omi tútù lọ́wọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́, ó bu búrẹ́dì sí méjì.

Ó ní, “Jẹun. O ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀.”

“Mi ò tíì rí i, Bàbá.”

“Mo rí i pé o ò tíì rí i.” Ó jẹ tirẹ̀, ó gbé e mì. “Tí kò bá ṣeé ṣe, màá fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò ní bínú. Mo ti ń wo ọwọ́ ẹ látàárọ̀, mi ò rí ibi tí mo ti fẹ́ bínú.”

Rewáyà gba tirẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu omi, ọkàn rẹ̀ sì padà sára iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ní iṣẹ́, bàbá arúgbó kan tó sanra tí kì í kánjú, máa ń sọ fún wọn pé àlejò ni iná. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà wọlé, ẹ sì wo ọ̀nà tó máa gbà jáde, torí àlejò tí kò bá rí ọ̀nà jáde kò ní fẹ́ wọlé. Ó wá rí i pé láti ọjọ́ tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àbáwọlé ni Pààrọ̀-Ẹ̀ ń wò, òun náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà àbájáde.

Ọ̀nà àbájáde yẹn, ara rẹkitifáyà fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n fi bóòtù méjì dè é mọ́ egungun alùpùpù, ara irin sí ara irin, ibẹ̀ sì ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Ó ta ẹ́ńjìnnì. Ó fi ẹnu mítà kan sí orí òdì bátìrì, ìyẹn ibi tí wáyà dúdú so mọ́, ó fi ìkejì kan ara rẹkitifáyà. Ó yẹ kí mítà má rí nǹkan kan rárá, tàbí kó rí ohun tó kéré bí imí eṣinṣin. Ṣe ni iye yọ síbẹ̀ gbàǹgbà, ó kọjá ọ̀kan. Ó fún un lépo, ó tún gòkè. Iná ń fẹ́ kọjá níbẹ̀, ohun kan dínà mọ́ ọn.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó tú bóòtù méjèèjì, ó gbé rẹkitifáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹnu sukurudíráfà ha ojú ibi tó ti jókòó. Ọ̀dà ló ṣí. Ó ha á, ọ̀dà mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀. Búlúù lókè, dúdú lábẹ́ búlúù, búlúù lábẹ́ dúdú. Ó nípọn bí èèpo igi. Kò sí irin kankan tó rí irin bíi tirẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ojú ihò bóòtù pàápàá, ọ̀dà ti dí i.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó kun ọ̀dà náà fún un. Yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan alùpùpù yẹn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ tiro wọlé, igi lọ́wọ́ kan, oúnjẹ lọ́wọ́ kejì. Bàbá Lẹ́tà bọ́ síta láti gbé àga fún un lọ́wọ́ obìnrin oníbàtà. Ìyá tẹjú mọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń wò. Ó rí búlúù, ó rí dúdú, ó mọ̀ ọ́n.

Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ọ̀dà ni?”

“Òun ni, Màmá.”

“Sọ fún un pé eku ló jẹ wáyà.”

“Màmá.”

“Eku kì í jẹ́jọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kí ni ọwọ́ ẹ̀ tún rí ṣe? Ẹ̀ẹ̀kan á kùn ún, á tún kùn ún. Tí iná bá kú, á ní òun ṣẹ̀ ẹ́, á tún tú u palẹ̀, á tún kùn ún. Sọ pé eku ni.”

Rewáyà rò ó. Ó máa rọrùn. Ó lè ha ọ̀dà náà kúrò láìsọ̀rọ̀, kó so wáyà kan mọ́ ibòmíràn, kó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ á tún kùn ún tí ọdún bá yí po. Àti pé láàárọ̀ yìí, ọkùnrin náà gbé ohun tó fẹ́ràn jù fún un, ó jókòó sórí àga bí oníbàárà, ó sì bu búrẹ́dì fún un. Kò rí ibi tí irọ́ máa jókòó sí láàárín wọn.

Nígbà tí Bàbá Lẹ́tà gbé àga dé, Rewáyà ní, “Bàbá, ẹ bọ̀ wá wo nǹkan.”

Ó mú ìka bàbá rẹ̀, ó fi kan ojú ibẹ̀. “Irin ni rẹkitifáyà yìí gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Ọ̀dà ló fẹ̀yìn tì. Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára ẹ̀.”

Bàbá Lẹ́tà fi ìka ra ojú ibẹ̀. Ìyá Rewáyà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí oúnjẹ, ó tún ń dé e.

Bàbá Lẹ́tà ní, “Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ráyè tú u. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni mò ń kùn. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo sọ fún un pé, ‘Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín dáadáa.’” Kò sí nínú wọn tó rán an létí pé alùpùpù ló ń bá sọ̀rọ̀. “Gbogbo bóòtù ni mo tú. Ojú kan ò ṣẹ́ kù.”

“Mo rí i, Bàbá. Ó dán.”

“Mo kùn ún pa.”

“Ẹ ò pa á. Ẹ kàn wọ aṣọ fún un jù ni.”

Ìyá rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, “Èmi tí mo jẹ́ ìyáálé, aṣọ ìdí àpótí ni mò ń wọ̀, orogún mi wọ búlúù lórí dúdú lórí búlúù.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu Bàbá Lẹ́tà, lẹ́yìn náà ó bò ó mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Agẹrun yọjú, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Rewáyà gé pépà tí wọ́n fi ń ha irin, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ha ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, títí irin fi yọ funfun báláú. Ó ha ẹ̀yìn rẹkitifáyà, ó ha ojú ihò bóòtù méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ dè é padà, ó fi gírísì díẹ̀ bo etí rẹ̀ kí ìpẹtà má bàa wọ̀ ọ́, ó ta ẹ́ńjìnnì, ó gbé mítà sí bátìrì. Mẹ́tàlá. Ó fún un lépo díẹ̀. Ó kọjá mẹ́tàlá, ó ń gùn ún lọ, ó dúró sí ibi tí mẹ́rìnlá fi kù díẹ̀. Ó tan iná iwájú. Kò sọ̀ kalẹ̀.

“Ṣé ó ti ń jẹun báyìí?”

“Ó ń jẹun, Bàbá.”

Bàbá Lẹ́tà fi ọwọ́ kan iná iwájú náà bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ.

Ìròyìn kì í jókòó sójú kan ládùúgbò wa. Kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ tí ìyá gbé wá tán, Pààrọ̀-Ẹ̀ ti dé, ó ń nu ọwọ́ sára àkísà.

“Kí lẹ pààrọ̀?”

Rewáyà ní, “A ò pààrọ̀ nǹkan kan.”

“Kò sí nǹkan kan?”

“Ọ̀dà la ha kúrò.”

Pààrọ̀-Ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹkitifáyà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, kò bínú, kò sì tijú àṣejù. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa dárí jì mí o. Mo dè é mórí ọ̀dà pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí.”

Bàbá Lẹ́tà ní, “Èmi ni mo kùn ún. Wá jókòó, oúnjẹ ṣì kù.” Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ iná, Pààrọ̀-Ẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Á ní kí ẹ gòkè lọ sọ́dọ̀ Rewáyà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá jinná, ó tún fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n wọ mọ́tò lọ. Ìyá ní rárá, ẹ̀yìn ọkọ òun ni òun máa jókòó sí. Wọ́n lọ lọ́sàn-án. Oòrùn ti wọ̀, àwọn aládùúgbò ti ń ti ilẹ̀kùn, Rewáyà ṣì ń gbá ṣọ́ọ̀bù tó ti gbá tẹ́lẹ̀, tó ń to wáyà tó ti tò. Ó wá rí iná kan tó yọ ní ìsàlẹ̀ òpópónà, funfun, kò ṣẹ́jú, ó ń bọ̀ tààrà. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn bí ọba, ó di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú. Wọn kò dúró. Bàbá Lẹ́tà kàn tẹ fèrè fún un, wọ́n kọjá. Rewáyà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Bàbá Lẹ́tà kì í dúró sílé mọ́ láàárọ̀. Bó bá ti jẹun tán, ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ló ń lọ. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun kàn ń kọjá ni. Lẹ́yìn náà ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Rewáyà fún un ní gílóòbù kí ó máa dán wọn wò, èyí tó dára sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó ti jó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń ṣe é pẹ̀lú ojú líle bí ẹni tó ń to lẹ́tà sí ojúlé ojúlé. Ó mọ gbogbo ẹni tó ń wọlé, ó mọ bàbá wọn, ó mọ ilé tí ìyá wọn ń gbé kó tó ṣílọ. Àwọn tó bá wá tún iná ṣe máa ń pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí iná wọn ti dára.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí kò mọ àdúgbò wa ti alùpùpù rẹ̀ wá. Rewáyà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi òjé yíyọ́ tí wọ́n ń pè ní sọ́dà lẹ wáyà. Ọkùnrin náà rí àgbàlagbà tó jókòó ti àwọn gílóòbù, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá ibí?”

Bàbá Lẹ́tà gbé gílóòbù kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó dára.

Ó ní, “Rárá o. Ọmọ iṣẹ́ ni mí. Jókòó, ọ̀gá mi ń bọ̀.”

Rewáyà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó dúró kí sọ́dà náà tutù, ó nu ọwọ́, ó jáde wá.